PreCheck, Global Entry tàbí CLEAR: èwo ni kí ẹni tó ń rìn lemọ́lemọ́ sanwó fún?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó ni mò ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń rán mi lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, mo sì ń jáde kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dún. Gíríìn káàdì ni mo ní. Àwa mẹ́rin la jọ máa ń rìn: ọ̀kan ní PreCheck, ọ̀kan ní Global Entry, ọ̀kan ní CLEAR, àwọn ètò tí èèyàn ń sanwó fún kó lè tètè kọjá ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti jókòó sẹ́nu géètì, èmi á ṣì máa kó kọ̀ǹpútà mi jáde nínú ọpọ́n ike. Èwo ni kí n sanwó fún? Ṣé ọkọ mi àti ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 lè tẹ̀ lé mi kọjá? Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé lọ́dún 9 sẹ́yìn, ọlọ́pàá mú mi ní ilé ìtajà kan, wọ́n ní mo gbé ọjà láìsanwó. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ṣé kí n kúkú dákẹ́ lórí ìyẹn?"

Ẹ ṣeun, màámi, tí ẹ kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Kí n má bàa fi yín sínú òkùnkùn títí dé ìsàlẹ̀, ìdáhùn mi rèé: Global Entry ni kí ẹ gbà. Ẹ má san owó PreCheck lọ́tọ̀, torí ó ti wà nínú Global Entry. Ẹ fi CLEAR sílẹ̀ ná. Ní ti ẹjọ́ ilé ìtajà, ẹ má dákẹ́ o. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú, torí òun ló gba ìṣọ́ra jù nínú gbogbo ohun tí ẹ bèèrè.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣètò ìrìn àjò fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, àṣìṣe kan náà ni mo sì ń rí. Èèyàn á rò pé ìlà kan ṣoṣo ló wà ní pápákọ̀ òfurufú, pé ẹni tó bá ti sanwó á kàn fò ó. Mẹ́ta ni ìlà náà. Àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń wo ojú yín mọ́ ìwé ìdánimọ̀ yín. Èkejì ni ibi tí báàgì ti ń gba inú ẹ̀rọ, tí ẹ̀yin fúnra yín sì ń gba ẹnu ẹ̀rọ kọjá. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ń tòkè òkun bọ̀: iwájú àwọn aṣọ́bodè, níbi tí wọ́n ti ń bi yín pé ibo lẹ ti ń bọ̀, kí lẹ sì gbé dání. CLEAR ń gé ìlà àkọ́kọ́ kúrú. PreCheck ń gé ìkejì. Global Entry ń gé ìkẹta. Tí ẹ bá ra oògùn ẹsẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé orí ló ń fọ́ yín, oògùn náà ò ṣẹ̀ yín.

Ẹ wá wo ìrìn tiyín. Bí ẹ bá ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nínú Amẹ́ríkà, ìlà kejì ni ẹ ń bá pàdé ní gbogbo ìgbà, bí ìgbà 50 lọ́dún, ní àlọ àti àbọ̀. Ìlà ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré. Nítorí náà PreCheck gan-an ni ẹ máa jẹ jù. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá gba Global Entry ti gba òun náà.

Àjọ TSA, àwọn tó ń yẹ èrò àti ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001 lẹ́yìn ìkọlù September 11, ló ń ṣe PreCheck, láti 2011 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á tú ìwé yín wò ṣáájú, wọ́n á tẹ̀ka yín, tí wọn ò bá rí àbàwọ́n, ẹ ò ní jẹ́ àjèjì sí wọn mọ́ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kọ̀ǹpútà á wà nínú báàgì, àpò ìpara kékeré á wà níbi tó wà, bẹ́líìtì á wà nídìí, jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ á wà lára. TSA fúnra wọn ń sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń gba ibẹ̀ kì í dúró tó ìṣẹ́jú 10.

Ẹ̀yin kíyè sí i pé n kò dárúkọ bàtà. Tẹ́lẹ̀, bàtà ni wọ́n fi ń polówó PreCheck. Ọkùnrin kan ló kó ohun abúgbàù sínú bàtà wọ bàálù ní December 2001, nígbà tó sì di 2006, wọ́n sọ ọ́ di òfin pé kí gbogbo èrò máa bọ́ tiwọn. Ó tó ọdún 19 tí a fi ń fi ìbọ̀sẹ̀ nu ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú fún wọn. Ní July 2025 ni wọ́n fòpin sí i fún tolówó tálákà. Nítorí náà ẹni tó bá ṣì ń fi ọ̀rọ̀ bàtà rọ̀ yín láti sanwó, ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ. Ohun tó kù fún PreCheck báyìí ni kọ̀ǹpútà, bẹ́líìtì, ìpara, àti ìlà tó kúrú. Fún ẹni tó ń gbé kọ̀ǹpútà méjì àti wáyà rẹpẹtẹ bíi tiyín, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Àmọ́ kì í ṣe àyè láti gbé ìgò omi ńlá wọlé o. Òfin 100 mílílítà ṣì dúró, ìpara kò kàn ní jáde nínú báàgì ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Global Entry jẹ́ 120 dọ́là láti October 2024, 100 dọ́là ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 5 ló ń lò, ìyẹn jẹ́ 24 dọ́là lọ́dún. PreCheck nìkan jẹ́ nǹkan bíi 77 sí 85 dọ́là fún ọdún 5, ó kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá forúkọ yín sílẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó 45 dọ́là fún odindi ọdún márùn-ún, ẹ sì ń tòkè òkun bọ̀ nígbà 25 láàárín àkókò yẹn. N kò mọ ìdí tí ẹ fi máa gba kékeré. Kí ẹ tó fọwọ́ kan owó yín rárá, ẹ lọ wo ìwé àdéhùn káàdì kírẹ́díìtì tí ẹ ń lò fún ìrìn àjò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dá owó yìí padà fún oníkáàdì ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àwọn èèyàn ò sì mọ̀. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ yín náà. Owó ìforúkọsílẹ̀ yìí kì í padà wá bí wọ́n bá kọ̀ yín, torí náà ẹni tó bá máa san án, kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kì í jáde kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà rárá, mi ò ní ní kó gba Global Entry. PreCheck á yá fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ: TSA ní ọjọ́ 3 sí 5 ni ọ̀pọ̀ ń fi gba nọ́ńbà wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹlòmíràn lè tó ọjọ́ 60. Ti Global Entry lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Gíríìn káàdì yín ti tó fún méjèèjì. Òfin gba ọmọ onílùú láàyè, ó gba ẹni tó ní gíríìn káàdì náà. Àwọn tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì ni wọ́n ń bèèrè orílẹ̀-èdè wọn lọ́wọ́ wọn, torí orílẹ̀-èdè díẹ̀ ló bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn Global Entry.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà yín, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà kan tó jẹ́ ẹyọ 9, wọ́n ń pè é ní Known Traveler Number. Fún ẹni tó gba Global Entry, òun ni nọ́ńbà PASSID tó wà lẹ́yìn káàdì. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà yẹn sínú tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá ń gbà á. Tí ẹ bá ti kọ ọ́, tí gbogbo rẹ̀ sì bára mu, àmì PreCheck á jáde lórí boarding pass yín, ìyẹn ìwé tí ẹ fi ń wọ bàálù. Tí àmì yẹn kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè gbé káàdì Global Entry sókè bí àsíá, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gba ìlà náà. Boarding pass ni wọ́n ń wò.

Mo ti ṣe é rí, ẹ̀bi mi sì ni. Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì fún ọkùnrin kan tó ń lọ síbi ìpàdé. Oluwaseun ló wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, òun náà ló sì fi forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Seun ni gbogbo wa ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, Seun náà ni mo sì tẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ pé, ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé, àmì náà ò jáde. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ní ìdájí ló pè mí láti orí ìlà, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tójú ń tì: "Wọ́n ní kí n lọ tò sẹ́yìn." Ẹ̀rọ tí TSA fi ń ṣe àfiwé kò mọ̀ pé Seun àti Oluwaseun, ẹnì kan náà ni. Orúkọ wa gùn, a sì máa ń gé e bó ṣe wù wá. Ẹni mìíràn á fi orúkọ àárín sílẹ̀, ẹni mìíràn á pín orúkọ ìdílé sí méjì, ẹlòmíràn tó ṣègbéyàwó á máa lo orúkọ ọkọ níbi kan, ti bàbá níbòmíràn. Bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà ni kó wà nínú ìforúkọsílẹ̀, bó ṣe wà nínú ìforúkọsílẹ̀ ni kó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, láìyọ lẹ́tà kan. Ẹ ṣí ojúewé yín lórí áàpù gbogbo ilé-iṣẹ́ bàálù tí ẹ ń wọ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ yín ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i dájú pé ó wà nínú ẹ̀rọ tiwọn pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí boarding pass tí kò ní àmì, ẹ pe ilé-iṣẹ́ bàálù kí wọ́n fi nọ́ńbà sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ gba boarding pass tuntun. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pé, àmì náà á sì kọ̀ láti jáde, torí TSA máa ń ṣàdédé mú èèyàn fún àyẹ̀wò kíkún. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣojoojúmọ́.

Ó yá, ìforúkọsílẹ̀. Ojúlé ìjọba tí wọ́n ń pè ní TTP ni, Login.gov lẹ sì máa fi wọlé. Àwọn oníjìbìtì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya ojúlé tó jọ ti ìjọba, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn láti bá a kọ fọ́ọ̀mù. Ibi tí kò bá parí sí .gov, ẹ má fi nọ́ńbà ìwé ìrìnnà yín síbẹ̀. Wọ́n á bèèrè ibi tí ẹ ti gbé láti ọdún 5 sẹ́yìn, ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, àti orílẹ̀-èdè tí ẹ ti dé. Kí ẹ tó jókòó sídìí rẹ̀, ẹ kó àwọn ọjọ́ yẹn jọ, torí ẹni tó ń rìn tó yín kò lè rántí gbogbo rẹ̀ lórí.

Tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á kọ̀wé pé wọ́n gbà yín, ó ku ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń sọ̀rètí nù, torí àyè lè ṣọ̀wọ́n títí dé oṣù mélòó kan ní àwọn ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Ẹ̀yin kò nílò àyè yẹn. Ẹ ń tòkè òkun bọ̀, àbí? Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Enrollment on Arrival. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn pápákọ̀ òfurufú ńlá tó ń ṣe é, ẹ kàn máa tẹ̀ lé àmì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè, wọ́n á sì ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín níbẹ̀, láìgba ọjọ́ ṣáájú. Ẹ mú ìwé ìrìnnà, gíríìn káàdì, àti ìwé tó fi ilé yín hàn dání, bí ìwé ìwakọ̀ tó ní àdírẹ́sì tuntun tàbí ìwé owó iná. Aṣọ́bodè náà á tẹ̀ka yín, á ya àwòrán ojú yín, á bèèrè irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ Global Entry. Nígbà púpọ̀, kì í tó ìṣẹ́jú 15.

Níbẹ̀ náà ló ṣeé ṣe kó ti bèèrè pé: "Ṣé wọ́n ti mú yín rí?"

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ilé ìtajà. Ẹ̀rù tó ń bà yín yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìka yín ni wọ́n ń tẹ̀, ìka náà ni ọlọ́pàá tẹ̀ ní ọdún 9 sẹ́yìn. Ẹjọ́ tí adájọ́ dà nù kì í kúrò nínú àkọsílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi omi nu ẹnu, wọ́n á rí i. Ohun tó ń ba ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ jù lọ kì í ṣe ẹjọ́ àtijọ́ tó ti parí sí ire, irọ́ ni. Àwọn aṣọ́bodè kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ẹni tó bá parọ́ tàbí tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lórí fọ́ọ̀mù kò yẹ. Ẹ ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà gẹ́lẹ́ kí ẹ tó dáhùn. Kí wọ́n mú èèyàn yàtọ̀, kí wọ́n pè é lẹ́jọ́ yàtọ̀, kí wọ́n dá a lẹ́bi tún yàtọ̀. Ohun tí wọ́n bèèrè ni kí ẹ dáhùn, kí ìdáhùn náà sì jẹ́ òótọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ yẹn, kí ẹ gba ìwé tó fi bí ẹjọ́ ṣe parí hàn, èyí tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí. Ìwé yẹn ni kó wà nínú báàgì yín lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gbà lẹ́yìn irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí èyí tí wọ́n kọ̀, ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè ni ìpinnu náà wà. Ẹni tí wọ́n kọ̀ lè bẹ̀bẹ̀ lórí TTP kan náà pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò. Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ṣáájú gbogbo èyí: ẹ fi ìwé ẹjọ́ náà han agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú. Gíríìn káàdì ni ẹ ní, ohun tí ẹ bá sì sọ níwájú aṣọ́bodè kì í parí sórí Global Entry nìkan. Wákàtí kan lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Bí ẹ bá rí i gbà tán, ewu tuntun kan dé, òun sì ni kì í sí ẹni tó ń sọ fún èèyàn. Nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2008 ní pápákọ̀ òfurufú mẹ́ta, JFK ní New York, Houston àti Dulles, ẹ máa ti ìwé ìrìnnà bọ inú ẹ̀rọ, ẹ ó gbé ìka mẹ́rin lé gíláàsì, ẹ ó dáhùn ìbéèrè, ìwé pélébé á jáde. Ní báyìí, ẹ kàn dúró níwájú ẹ̀rọ, ó ya ojú yín, aṣọ́bodè pe orúkọ yín, ẹ ti ń wọ́ báàgì lọ. Ó yá débi pé èèyàn á gbàgbé pé aṣọ́bodè ló wà níwájú òun. Kò sí ìwé tó ń bi yín mọ́ pé kí lẹ gbé, àmọ́ ojúṣe yín láti sọ ọ́ kò yẹ̀.

Ní 2018, wọ́n fún obìnrin kan ní èso ápù kan nínú bàálù tó ń ti Paris bọ̀. Kò jẹ ẹ́. Ó fi sínú báàgì pé tí ebi bá pa òun níwájú. Nígbà tó délẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn aṣọ́bodè rí ápù náà, kò sì sọ pé òun gbé èso. Wọ́n ní kó san 500 dọ́là. Global Entry rẹ̀ sì wọ inú ewu lórí ẹyọ èso kan tí òun fúnra rẹ̀ kò rà. Ìròyìn náà gba ayé kan nígbà náà, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Òfin ètò yìí ni pé ẹni tó bá rú òfin aṣọ́bodè, ti ìwọ̀lú tàbí ti ọ̀gbìn, bó ti wù kó kéré, wọ́n lè gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Global Entry bá lọ, PreCheck tó wà nínú rẹ̀ á bá a lọ, ẹ ó sì padà sídìí ọpọ́n ike.

Nítorí náà, ẹran, èso, irúgbìn, ewé, ohunkóhun tó ti inú oko jáde: ẹ sọ pé ó wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ bá sọ, tí kò bófin mu, wọ́n á gbà á sọnù, ó parí. Ohun tí ẹ kò sọ ló ń di ẹjọ́. Bákan náà ni owó. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má gbé owó wọlé, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá 10,000 dọ́là, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Owó tó wà lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ ọkọ yín, tí ẹ bá jọ ń rìn bí ìdílé, àpapọ̀ ni wọ́n ń kà. Tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá nǹkan kan yẹ ní sísọ, ẹ sọ ọ́. Ìṣẹ́jú 10 tí ẹ máa pàdánù kò tó ọdún márùn-ún.

Ní ti ìdílé yín, ìlà méjèèjì kò rí bákan náà. Níbi PreCheck, ọmọ tí kò tíì kọjá ọdún 12 lè tẹ̀ lé òbí tó ní i wọlé láìsí wàhálà. Ọmọ yín ti ṣe 14, torí náà ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ pọ̀ mọ́ tiyín lórí ìwé kan náà, kí àmì náà jáde lórí boarding pass tirẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jáde, ó lè bá yín kọjá. Ọkọ yín kò lè gba ẹ̀yìn yín wọlé rárá, kó gba tirẹ̀.

Níbi Global Entry, kò sí ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹnì kan, ọmọ ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti October 2024, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bí òbí rẹ̀ bá ti wà nínú ètò tàbí tí wọ́n jọ ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Mo mọ obìnrin kan tó ní Global Entry fún ọdún mẹ́ta, tó sì ń dúró lórí ìlà gígùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rìnrìn ìdílé, nítorí ọmọ kan péré tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

CLEAR: ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, kì í ṣe ti ìjọba. Ẹ̀rọ wọn á wo ojú tàbí ìka yín, òṣìṣẹ́ wọn á sì mú yín lọ síwájú ìlà ìwé ìdánimọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà àyẹ̀wò báàgì ń dúró dè yín bí ó ti ń dúró de gbogbo ayé. Ẹni tó ní CLEAR tí kò ní PreCheck á kọjá kíákíá lọ síbi tó ti máa tú ẹrù rẹ̀. Owó rẹ̀ sì tó nǹkan bí 200 dọ́là lọ́dún kan, kì í ṣe ọdún márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo pápákọ̀ òfurufú ló wà. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ yìí ti ìlẹ̀kùn ní 2009, àwọn mìíràn ló rà á ní 2010. Àwọn tó wà ńbẹ̀ báyìí lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé. Tí pápákọ̀ òfurufú yín bá wà lára àwọn tí ìlà PreCheck gan-an ń gùn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ilé-iṣẹ́ yín sì fẹ́ sanwó rẹ̀, ẹ gbà á. Ẹ má fi owó ara yín san án kí ẹ tó lo Global Entry fún oṣù mẹ́fà. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun kan: CLEAR wà lára àwọn tí TSA fún láṣẹ láti forúkọ èèyàn sílẹ̀ fún PreCheck, torí náà ẹni tó bá yára fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀ lè rò pé ọ̀kan lòun ń rà, kó sì jẹ́ méjì.

NEXUS wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e lọ sí Kánádà lemọ́lemọ́. 50 dọ́là ni tẹ́lẹ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n sì ń gbà á torí Global Entry àti PreCheck wà nínú rẹ̀. Láti October 2024, òun náà ti di 120, ìjọba méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ gbà yín. SENTRI jẹ́ ti ẹnubodè Mẹ́síkò. Káàdì oníṣòwò APEC tí Amẹ́ríkà ń ṣe, fún àwọn tó ń ṣòwò káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè etí òkun Pàsífíìkì, ọmọ onílùú nìkan ni wọ́n ń fún, kò tíì kàn yín. Kí ẹ má sì retí pé Global Entry á ràn yín lọ́wọ́ ní London tàbí Paris. Ẹnubodè Amẹ́ríkà ló wà fún. Lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀ Yúróòpù gan-an, láti October 2025 ni wọ́n ti ń tẹ ìka àlejò tí wọ́n sì ń ya ojú wọn ní ẹnubodè lábẹ́ ètò tuntun wọn, ìlà ibẹ̀ sì ní tirẹ̀ láti fi yín ṣe.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró de ìdáhùn, ẹ gbé Mobile Passport Control sórí fóònù yín. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn aṣọ́bodè fúnra wọn ló ṣe é, gíríìn káàdì sì wọlé. Bí bàálù bá ti balẹ̀, kí ẹ tó dìde lórí ìjókòó, ẹ máa ya àwòrán ara yín, ẹ ó dáhùn ìbéèrè díẹ̀, ẹ ó sì lọ síbi tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀. Fóònù kan lè ṣe ti gbogbo ìdílé pọ̀, torí náà ọkọ yín náà á jẹ nínú rẹ̀. Mo ti rí ọjọ́ tí ìlà rẹ̀ kúrú ju ti Global Entry lọ.

Nǹkan ìkẹyìn, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ máa rí i. Nọ́ńbà ìwé ìrìnnà yín wà nínú TTP. Ọjọ́ tí ẹ bá gba ìwé ìrìnnà tuntun tàbí gíríìn káàdì tuntun, ẹ wọlé síbẹ̀ kí ẹ tún un ṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá di ọmọ onílùú, ti ìyẹn kò ṣeé ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara yín lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan búra di ọmọ Amẹ́ríkà, ó gba ìwé ìrìnnà aláwọ̀ búlúù, ó fi rìnrìn àjò àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Nígbà tó padà dé, ẹ̀rọ náà wo ojú rẹ̀, ó ní òun kò rí i. Ó tún dúró síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ dígí ojú. Aṣọ́bodè kan nawọ́ sí ẹ̀yìn, níbi tí ìlà àwọn yòókù ti yípo lẹ́ẹ̀mẹta láàárín okùn.